Fannie Lou Hamer: Obìnrin Oko Òwú Tó Ko Ẹgbẹ́ Òṣèlú Lójú

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó yí ìtàn òṣèlú Amẹ́ríkà padà ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ààrẹ, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníwàásù ló sábà máa ń ṣíwájú. Fannie Lou Hamer kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Kò wọlé ìbò sípò ìjọba kankan rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ oko òwú ni ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ó sì ti pé ọmọ ọdún 44 kó tó gbọ́ pé òfin fún irú òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe dé ibi tí ààrẹ orílẹ̀-èdè fi ń wá ọ̀nà láti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń fò kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bó ṣe rí. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra, ó sì máa ń tiro nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ tó bá a jà ní kékeré. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti kọ́ orin. Ohùn rẹ̀ lágbára débi pé tí ẹ̀rù bá ń ba èrò inú bọ́ọ̀sì tàbí àwọn tó wà látìmọ́lé, òun ni yóò dá orin tí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lóko náà ló ṣe ń sọ ọ́. Kò gbìyànjú rárá láti fọhùn bí akọ̀wé. Àwọn kan tó kàwé, títí kan àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, fojú tín-ín-rín wò ó nítorí ìyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: ohun tójú rẹ̀ rí ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ṣe é.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1917, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 20. Orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko. Onílẹ̀ á fún wọn ní irúgbìn àti oúnjẹ láwìn, wọ́n á gbin òwú, wọ́n á ká a, tí wọ́n bá sì ṣírò rẹ̀ tán, gbèsè ni yóò kù sọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fannie Lou nígbà tí onílẹ̀ bi í bóyá ó lè ká òwú. Ó ṣèlérí ìpápánu láti inú ìsọ̀ rẹ̀ fún un bó bá lè ká pọ́n-ùn 30, ìyẹn bíi kílò 14, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ náà ká a, ó gba ìpápánu, ó sì di ẹni tó jẹ onílẹ̀ ní gbèsè. Nígbà tó yá, àwọn òbí rẹ̀ tu owó jọ, wọ́n ra ìbaaka àti irinṣẹ́ kí wọ́n lè dá dúró. Ẹnì kan lọ da májèlé sínú oúnjẹ àwọn ẹran náà, wọ́n kú, ìdílé náà sì padà sídìí òwú àjùmọ̀pín. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé orí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀.

Ní ọdún 1944 ó fẹ́ Perry Hamer, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní oko W. D. Marlow nítòsí ìlú Ruleville. Nítorí pé ó mọ̀wé kà, òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n oko náà kò pé, nítorí náà, bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, ó máa ń fi òkúta òṣùwọ̀n tòótọ́ tó mú wá fúnra rẹ̀ wọn òwú àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1961, ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè yọ kókó kékeré kan fún un. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn tálákà obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Mississippi láyé ìgbà náà nìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ SNCC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ṣe ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ruleville, ibẹ̀ sì ni Hamer ti gbọ́ nípa ẹ̀tọ́ ìdìbò náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Hamer àti àwọn 17 mìíràn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn: kí wọ́n da apá kan nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ kọ, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé òyìnbó nìkan ló ń pinnu ẹni tó yege, Hamer kò sì yege. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ọlọ́pàá mú awakọ̀ wọn, wọ́n ní ọ̀dà ara bọ́ọ̀sì náà ti pọ́n ní yẹ́lò jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Marlow ti lé e kúrò lóko tó ti lo ọdún 18, nítorí pé ó kọ̀ láti lọ fa ìbéèrè ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún sí ilé tó ti sá sí. Ó padà lọ ṣe ìdánwò náà, ó sì yege ní oṣù Kìíní ọdún 1963.

Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan, ọlọ́pàá mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Winona. Wọ́n ní kí ẹlẹ́wọ̀n méjì nà án, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn méjèèjì. Kíndìnrín rẹ̀ bà jẹ́, ojú rẹ̀ kan kò sì padà bọ̀ sípò títí ó fi kú. Ìgbìmọ̀ adájọ́ tó jẹ́ kìkì òyìnbó dá àwọn ọlọ́pàá náà láre.

Ìyà yìí ló gbé lọ sí Atlantic City. Ní Mississippi, ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat kì í gba aláwọ̀ dúdú sínú ìpàdé wọn. Nítorí náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1964, Hamer àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n yan aṣojú 68 lọ sí àpéjọ gbogboogbò ẹgbẹ́ Democrat ní Atlantic City, wọ́n sì béèrè pé kí wọ́n fún àwọn ní àga ìpínlẹ̀ náà dípò àwọn òyìnbó tó ti àwọn mọ́ta. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, Hamer jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn aṣojú wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Kò mú ìwé lọ́wọ́. Ó dárúkọ ara rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, ó ròyìn Indianola, ó ròyìn Marlow, ó ròyìn yàrá àtìmọ́lé Winona, ó sì bi wọ́n léèrè bóyá irú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń yangàn rẹ̀ nìyẹn.

Ààrẹ Lyndon Johnson ń bẹ̀rù pé ìbò àwọn òyìnbó Gúúsù yóò bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Bí Hamer ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sáré pe àwọn oníròyìn, kí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n lè kúrò lára obìnrin náà. Ó rí i ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ààrẹ kò ní láárí, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì fi ẹ̀rí Hamer hàn lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé wà nílé. Ká ní Ààrẹ fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án ni, bóyá èrò tó gbọ́ ọ ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat fi àga méjì péré lọ àwọn 68 náà, wọ́n sì ti yan ẹni méjì tí yóò jókòó lórí wọn. Àwọn àgbà olóṣèlú rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á. Hamer ní àwọn kò rin ìrìn àjò yẹn nítorí àga méjì. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Lójú ẹni tó wo ọjọ́ náà nìkan, wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Democrat ṣèlérí pé láti ọdún 1968, àwọn kò ní gba aṣojú ìpínlẹ̀ tó bá ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, Hamer fúnra rẹ̀ sì jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú ní àpéjọ wọn ní Chicago lọ́dún náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, ó sì fòpin sí irú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. Ṣáájú òfin náà, aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ ní Mississippi kò tó 7 nínú 100. Ní ọdún 1967 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Hamer kọ́ ló dá a ṣe, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè náà kò lè dijú sí mọ́. Ó kú ní Mound Bayou ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1977. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ará ìlú lè gbà dá a lọ́lá.

Ó ku iṣẹ́ tí mo ní àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò. Hamer rí i pé ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ onílẹ̀, onílẹ̀ lè fi oúnjẹ gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti rí i lọ́jọ́ tí Marlow lé e. Nítorí náà, ní ọdún 1969, ó dá oko alájùmọ̀ní sílẹ̀ ní àgbègbè Sunflower, ó sọ ọ́ ní Freedom Farm. Éékà 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ju 600 lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n gbin ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti ọ̀dùnkún fún ìdílé tí ẹ̀rọ ìkówùú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó tálákà. Dorothy Height, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a ra ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní báǹkì ẹlẹ́dẹ̀. Ìdílé kan á gba abo ẹlẹ́dẹ̀, yóò sìn ín títí yóò fi bímọ, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání fún ẹran jíjẹ, yóò sì dá nǹkan padà sí báǹkì kí ìdílé mìíràn lè gbà. Kò sí onílẹ̀ tó lè ka ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ gbèsè. Ọ̀gbẹlẹ̀, omíyalé, àìlówó àti àìsàn olùdásílẹ̀ ló jọ pa oko náà, gbèsè sì gba ilẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó wó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ti jẹ ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sìn, láìtọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni òwú.