Ẹ Ya Ewé Rẹ̀ Pẹ̀lú

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ohun tó wà lára àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà láìṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó: ẹyẹ idì pupa lókè, ẹṣin funfun méjì lọ́tùn-ún lósì, ilà funfun tó dúró fún Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé lójú apata dúdú. Ilẹ̀ tí àwọn ẹṣin náà fẹsẹ̀ tẹ̀ kì í sábà gba ojú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òdòdó ló kún ibẹ̀. Òdòdó yẹn kì í ṣe ọnà lásán tí ayàwòrán kan fi dí àlàfo. Ewéko gidi ni, Costus spectabilis lorúkọ rẹ̀ ní Látìnì, inú ọ̀dàn ló sì ń hù sí. Mo ti rí àwòrán àmì náà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun òdòdó yìí. Ìyeyè ni. Ìyeyè tó mọ́ débi pé èèyàn á ti rí i lókèèrè kó tó mọ ohun tó ń wò.

Òun ni mo fi ń kọ́ ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi kámẹ́rà ya òdòdó. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń pè é jáde. Kò ní ọ̀pá tó gbé e ró. Ewé rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí erùpẹ̀, òdòdó á sì yọ láàrin wọn. Ẹni tó bá dúró tó yà á láti òkè yóò rí ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti bí wọ́n ṣe tò, ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ òdòdó náà kò ní hàn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó gbé ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, yóò rí ọ̀fun òdòdó àti ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ewé á pòórá. Àwòrán méjèèjì la nílò. Èkejì ni àwọn èèyàn yóò fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri. Àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ kí ẹni tó mọ ewéko lè dárúkọ rẹ̀ láìṣiyèméjì.

Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára fún irú àwọ̀ yìí. Ìyeyè àti pupa máa ń tètè kún ojú kámẹ́rà. Ká tó mọ̀, ilà tó wà lára awẹ́ òdòdó ti parẹ́, ó ti ku àwọ̀ kan ṣoṣo. Mo máa ń fi ìka kan ojú fóònù níbi tí òdòdó wà, n óò sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilà náà yóò fi padà. Bí ìkùukùu bá sì bo oòrùn lójú, kí ẹ dúpẹ́. Ojú ọjọ́ tí inú àwọn onínàwó kì í dùn sí gan-an ni tiwa.

Costus spectabilis yìí ní ọmọ ìyá kan tó sún mọ́ wa ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tẹ̀tẹ̀rẹgún ni, Costus afer, tó ń hù létí odò àti nínú igbó tó lọ́rinrin, tó lè ga ju èèyàn lọ. Òdòdó tirẹ̀ funfun, ọ̀fun rẹ̀ ló ní ìyeyè, orí ọ̀pá ló sì ti ń yọ. Bí a bá fi àwòrán òdòdó méjèèjì síwájú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kò ní gbà pé ẹbí kan ni wọ́n, nítorí ohun tó so wọ́n pọ̀ kò sí nínú àwọ̀. Nínú òdòdó àwọn méjèèjì, ọ̀pá akọ kan ṣoṣo ló ń ru lẹ́búlẹ́bú. Awẹ́ ńlá tó ń fa ojú wa mọ́ra yẹn, àwọn ọ̀pá akọ mìíràn tí kò ru lẹ́búlẹ́bú mọ́ ló lẹ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n di i. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó kó àwọn ewéko ayé tí wọ́n mọ̀ nígbà náà jọ sínú ìwé rẹ̀ Species Plantarum lọ́dún 1753, iye ọ̀pá akọ inú òdòdó ló fi pín wọn sí ìsọ̀rí, inú ìsọ̀rí àwọn tó ní ọ̀pá akọ kan ṣoṣo ló sì fi ẹbí Costus sí. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kì í kúrò nídìí òdòdó láìsún kámẹ́rà mọ́ ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ wá wo ara igi rẹ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀rẹgún ń yí ọ̀pá náà po bó ṣe ń gun òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí èkejì, láìdáwọ́ dúró. Ti atalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi wé e, ń jáde lọ́tùn-ún àti lósì ní ìlà méjì péré. Àwòrán kan tí a dojú rẹ̀ kọ ọ̀pá láti òkè wálẹ̀ tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ní oṣù tí kò sí òdòdó kankan lórí wọn.

Ìmọ̀ ti ewé yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá eléwé ọmọ ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn ni mo ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N óò kúnlẹ̀ kí wọn, n óò sì gbé fóònù síwájú.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òdòdó yìí, kí lẹ ń pè é?”

“Ó rẹwà o, ọmọ mi. Ewé rẹ̀ ńkọ́?”

N óò fa àwòrán ewé jáde.

“Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wá kí n rí i. Ṣé ó ń ṣoje? Nígbà tó o ra á lọ́wọ́, báwo ló ṣe rùn?”

Linnaeus bi òdòdó léèrè, ìyá eléwé ọmọ bi ewé. Ìdí tí Ìyá fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro: òdòdó kì í pẹ́ lórí igi, ewé, èèpo àti gbòǹgbò ni iṣẹ́ wà lára wọn, aláìsàn kò sì lè dúró de ìgbà tí igi yóò tanná. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ya ewéko láìka ìbéèrè Ìyá sí ń ya aṣọ láìya ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà igi kan ṣoṣo a máa gba àwòrán púpọ̀ lọ́wọ́ mi. N óò ya gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti hàn látòkè délẹ̀, kí á mọ̀ bóyá igi ni, ìtàkùn ni, tàbí èpò. N óò ya ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ewé dojú kọra wọn ní méjì méjì tàbí wọ́n ń gbara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀pá ẹfinrin, ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ sì dojú kọra. Àmì ẹbí rẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí àwòrán fi hàn. N óò yí ẹ̀yìn ewé sókè. N óò fi ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí èso bá wà, tàbí òdòdó tí kò tíì là, ìyẹn náà ń lọ sínú rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára igi mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀: orúrù, akòko àti pàndòrò. Ẹbí kan ni wọ́n. Òdòdó wọn jọ kàkàkí kékeré, ẹnu rẹ̀ pín sí ọ̀nà márùn-ún. Orúrù ń tanná pupa bí iná lókè téńté, òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là sì ní omi nínú, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fi fín ara wọn lómi. Palisot de Beauvois, ará Faransé tó rìn ní ìhà Warri àti Benin ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ló fún un lórúkọ Látìnì tó ń jẹ́ títí dòní, Spathodea campanulata, lọ́dún 1805. Akòko, tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè, ní òdòdó tó pọ́n díẹ̀ tó sì dà bí àlùkò, ewé rẹ̀ ń dán, etí ewé náà sì ní eyín. Ẹni tó ti wà níbi ìwúyè rí mọ ewé akòko dájú. Kò dájú pé ó ti gbójú sókè wo òdòdó rẹ̀.

Pàndòrò ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òdòdó rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn, àwọ̀ rẹ̀ pupa dúdú, òórùn rẹ̀ kò dára ní imú èèyàn. Alẹ́ ló ń là, nítorí àdán ló ń retí. Àdán ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti orí kan dé òmíràn, okùn gígùn yẹn sì ni ó fún un láàyè láti fò dé ẹnu òdòdó láìfi ìyẹ́ kọ́ ẹ̀ka. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, púpọ̀ nínú wọn ti bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń yà wọ́n. N óò dé ìdí igi náà ní ìdájí, kí àwọn agbálẹ̀ tó dé, n óò ṣa èyí tí kò bàjẹ́, n óò la ọ̀kan sí méjì kí inú rẹ̀ hàn, n óò tò wọ́n sórí aṣọ dúdú pẹ̀lú ewé rẹ̀, n óò sì lo ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tí kò tíì gbóná. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán yóò bá okùn àti èso wíwúwo nìkan.

Aago ewéko kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n ká tó jáde nílé. Pápásan inú oko ẹ̀fọ́ kì í la òdòdó rẹ̀ kékeré àfi tí oòrùn òwúrọ̀ bá mú un, kò sì ní pẹ́ tó fi tún pa á dé. Tannáposó ń dúró di ìrọ̀lẹ́. Ní ti ọgbà, ó rọrùn ju igbó lọ, èèyàn lè padà wá lọ́la, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ sábà máa ń wá láti ìlú mìíràn. Bougainvillea tó bo ògiri ilé wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọ̀ tí à ń yìn lára rẹ̀ kì í sì í ṣe òdòdó rárá. Ewé tó yí òdòdó ká ni. Òdòdó gan-an ni ohun tóóró funfun tó wà láàrin. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ yà á.

Èpò tó gba ilẹ̀ wa jù, ewé Akíntọ́lá, àjèjì ni òun náà. Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ pé àárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka ló bá wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Ilà mẹ́ta tó ya láti ìdí ewé rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ nígbà tí a bá ra á ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nǹkan kan tún wà tó ń wú mi lórí: orúrù tiwa ti di èpò tí wọ́n ń lé kiri ní àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, orúkọ òun àti ti ewé Akíntọ́lá sì jọ wà nínú ìwé kan náà tó to 100 ohun abẹ̀mí àjèjì tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù láyé.

Àwọn áàpù tó ń dárúkọ ewéko láti inú àwòrán wúlò. Èyí tí mo fẹ́ràn ni iNaturalist, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì California ní Berkeley, nítorí èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ wò, tí wọ́n sì lè tako ó. Ẹ̀rọ mọ òdòdó ọgbà ju ti igbó wa lọ. Àwòrán tí ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ wa kò tíì pọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí orúkọ tí fóònù dá jẹ ohunkóhun o. Ìtàkùn Gloriosa superba, tó fi ṣóńṣó ewé rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka gun òkè, tí òdòdó rẹ̀ pupa tí etí rẹ̀ sì jẹ́ ìyeyè, lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí kò ní dúró wò ó. Májèlé ló kún ara rẹ̀, ó sì ń pani.

Ibi tí mo ń lọ bí áàpù, ìwé àti Ìyá bá ta kora wọn ni Forest Herbarium Ibadan, ní Jericho, lábẹ́ àjọ tó ń ṣe ìwádìí igbó. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ewéko gbígbẹ tó wà níbẹ̀ ti ju 100,000 lọ, kálukú lórí bébà tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ àjọ náà ni ìwé Z. O. Gbile, tó kó orúkọ Yorùbá àwọn ewéko Nàìjíríà jọ, ti jáde lọ́dún 1984. Èyí tí mo ní ti gbó. Ohun kan wà tí ewéko gbígbẹ kò lè pa mọ́: àwọ̀. Pupa á di àwọ̀ igi, funfun náà á di i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kó wọn jọ fi kọ àwọ̀ òdòdó sára ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán wa lè gbé àwọ̀ yẹn, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí tó èyí. Ṣùgbọ́n kò lè gbé òórùn, nítorí náà èmi náà ní ìwé pélébé tèmi fún ewéko kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, ọjọ́, gíga rẹ̀, irú ilẹ̀ tó hù lórí rẹ̀, bó ṣe rùn nígbà tí mo ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ tí ará ibẹ̀ ń pè é, àti orúkọ ìlú náà, nítorí ohun tí wọ́n ń pè é n'Íjẹ̀bú lè má jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè é l'Ékìtì.