Ẹ̀dà Tuntun, Ọwọ́ Àtijọ́: Sọ́fúwià Ìgbohùnsílẹ̀ Nínú Yàrá Olórin Ẹ̀gbá

Agogo ń dún, gángan ń fọhùn, ohùn olórin wà níbẹ̀ digbí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò sí. Ẹni tó ń ṣe orin nínú yàrá rẹ̀ ní Ìtòrí máa ń kọ́kọ́ rò pé sípíkà ló ń ṣe é. Á yọ wáyà, á tún un kì bọ̀ ọ́. Ìgbà tó bá wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò rí àpótí kékeré tó ń sọ fún un pé plugin, ìyẹn àfikún sọ́fúwià, tó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà dání kò sí mọ́. Àná ló sọ FL Studio, sọ́fúwià tó fi ń ṣe orin, di ẹ̀dà tuntun. Orin ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ṣí yìí, ẹni tó ni orin sì ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró.

Ìtòrí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, kì í ṣe ìlú tí wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ sitúdíò bá délẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n mọ agbègbè náà mọ́ láti 1960, tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ná ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta kì í sinmi, ìró wọn sì máa ń yọ́ wọ inú máìkì. Nítorí náà òru ni wọ́n sábà máa ń gba ohùn sílẹ̀: fóòmù lára ògiri, páálí ẹyin lókè rẹ̀, fáànù ní pípa, òógùn ní ṣíṣàn. Bí iná bá lọ, ó di ọwọ́ jẹnẹrétọ̀, àfi kí wọ́n gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo tí yàrá yìí fi bá sitúdíò ńlá dọ́gba ni sọ́fúwià. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tuntun fi wúwo níbẹ̀ ju ibi tí owó wà lọ.

Àwọn tó ń fi ẹ̀dà àtijọ́ ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọn ò bá ayé rìn. Ẹjọ́ náà kò tọ́. Lọ́dọ̀ ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tẹ bọ́tìnnì kan náà, sọ́fúwià ti kúrò ní irinṣẹ́, ó ti di ohun èlò orin, bí onígángan ṣe mọ ọṣán ìlù rẹ̀. Kò sí ẹni tí í já ọṣán onílù ní ọ̀gànjọ́ kó sì ní òun ṣe é lóore.

Ní 1997 ni Didier Dambrin àti ilé-iṣẹ́ Image-Line ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù gbé FruityLoops jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Auto-Tune dé láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ méjèèjì kò tíì kúrò nínú orin ìgbàlódé wa láti ìgbà náà. Nígbà tí FruityLoops jáde, kò ju pẹpẹ ìlù lọ: àpótí mẹ́rìndínlógún lórí ìlà, ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ kó dún. Ní 2003 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí FL Studio, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń pè é ní Fruity. Àwọn ará ìta náà fi í ṣe iṣẹ́ gidi: porodúsà Amẹ́ríkà 9th Wonder fi í ṣe ìlù fún Jay-Z lórí The Black Album ní 2003, nígbà tí àwọn onísitúdíò ńlá ṣì ń pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Lọ́dọ̀ tiwa, porodúsà Sarz wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ ọn.

Kí FL Studio tó dé ńkọ́? Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ọmọ Abẹ́òkúta, ilé-iṣẹ́ EMI ló ń gbé orin rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ àwọn aláṣẹ sì wà ní Èkó. Nígbà tí Paul McCartney, olórin Gẹ̀ẹ́sì, wá sí sitúdíò EMI ní Àpápá ní 1973, ẹ̀rọ olójú ipa mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́jọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1979, Hàrúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, dá sitúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, olójú ipa mẹ́rìnlélógún. Láti mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún: ìyẹn gan-an ni ìgbéga nígbà náà, owó gọbọi ni, olówó ló sì ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ olórin kàn ń bá a níbẹ̀ ni. Tí teepu bá bàjẹ́, ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ni. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ orin náà ló tún jẹ́ ẹnjiníà, òun ni mẹkáníìkì, òun náà ni olùtọ́jú àká. Gbogbo ẹrù tí EMI ń rù tẹ́lẹ̀ ti di tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ owó nìyí. Image-Line ní ìlànà kan tí àwọn ojúgbà rẹ̀ kì í sábà ní: ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀dà tó bá tẹ̀ lé e títí láé. Lójú ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbéga kò ju kó tẹ bọ́tìnnì, kó lọ po tíì. Ní Ìtòrí, kírákì, ìyẹn ẹ̀dà tí wọn kò sanwó rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ gbé wá nínú fíláàṣì ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, oore ọ̀fẹ́ yẹn kò sì kàn wọ́n. Ìgbàkigbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni: ẹ wá fíláàṣì mìíràn, ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ kòkòrò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa gbàdúrà kí ohun tó wọlé má jẹ́ kòkòrò. Ẹ̀dà ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìkẹ́kùn tirẹ̀: ẹ lè fi orin pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣí i padà láti tún un ṣe àfi tí ẹ bá san owó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń parí orin láàárín òru kan, láìpa kọ̀ǹpútà.

Àti rà á ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là 99 ni Fruity Edition tó kéré jù. Kí náírà tó jábọ́ ní oṣù kẹfà 2023, ìyẹn kò ju nǹkan bí 45,000 náírà lọ, ìyẹn owó oṣù kan àtààbọ̀ fún ẹni tó ń gba 30,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù nígbà náà. Nígbà tí dọ́là kan kọjá 1,500 náírà ní 2024, ó di nǹkan bí 150,000; owó oṣù náà ti di 70,000, síbẹ̀ ó ju owó oṣù méjì lọ. Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú yìí náà sì pẹ́ kó tó gbà kí èèyàn máa to ohùn sórí ìlà orin. Ṣáájú ìgbà náà, olórin tó fẹ́ kọrin ni wọ́n ń ta ẹ̀dà tí kò gba ohùn fún.

Ní ti iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, ẹ̀dà tó yẹ kó mú onílù Yorùbá jó ni ti oṣù karùn-ún 2018. Wọ́n fò láti 12 sí 20 láti fi sàmì ogún ọdún, wọ́n gbé e dé orí Mac, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn lè yí ìwọ̀n ìlù padà láàárín orin kan. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kónkóló, ìlù agogo tí onímọ̀ orin Anthony King kọ nípa rẹ̀ ní 1960, ìdún méje ni lórí ìwọ̀n méjìlá; kò bá àpótí mẹ́rìndínlógún mu. Kí ẹ̀dà 20 tó dé, ẹ lè sọ gbogbo orin di oníméjìlá, ṣùgbọ́n orin òde àríyá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin-mẹ́rin tó sì fẹ́ yà sínú àpàlà ní àárín ọ̀nà, kò sí àyè rẹ̀ nínú fáìlì kan ṣoṣo láìfi ọgbọ́n dá a.

Ọgbọ́n náà ni wọ́n sì fi dá a. Àwọn kan pa ìlà tó ń fa ohùn sójú kan, wọ́n fi etí gbé ìdún kọ̀ọ̀kan sípò rẹ̀. Àwọn kan pe onílù gidi, wọ́n fi máìkì sí i níwájú. Nígbà tí ẹ̀dà 20 wá gbé ojútùú dé, ọwọ́ ti mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ojútùú wà. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀dà tuntun ni pé láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí wọ́n rà ní Computer Village ní Ìkẹjà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, àti pé bọ́tìnnì tí ìka mọ̀ nínú òkùnkùn ti kúrò níbi tó wà.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti àjọṣe. Ẹ̀dà tuntun lè ka fáìlì àtijọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ kò lè ka tuntun dáadáa. Bí porodúsà ní Èkó bá fi fáìlì ẹ̀dà 21 ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí 12 ní Ìtòrí, kò sí bí ti Ìtòrí ṣe fẹ́ ṣe é. Agbára ń ṣàn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní tuntun wá sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní. Ọ̀pọ̀ tó yí padà, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn ló ti yí.

Ẹ̀bùn tó yani lẹ́nu jù ni ti 2023, nínú ẹ̀dà 21.2: ẹ̀rọ tó ń tú orin tó ti parí palẹ̀ sínú agbọ̀n mẹ́rin, ohùn, ìlù, báàsì àti ohun èlò yòókù. Àǹfààní rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá hàn kedere. Ọmọ ogún ọdún lè gbé àwo àtijọ́ kan wọ inú rẹ̀, kó máa retí ohùn baba ńlá rẹ̀ láìsí ìlù. Ṣùgbọ́n agbọ̀n mẹ́rin yẹn, ta ló hun ún? Orin onígìtá àti dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fojú sùn. Nínú àpàlà, àdàmọ̀ ìlù ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, òwe lẹ́nu rẹ̀. Agídìgbo ń ṣe iṣẹ́ báàsì, ó sì tún ń kọ orin. Agbọ̀n wo ni ìlù tó ń fèsì fún akọrin yóò wọ̀? Ẹni tó bá dán an wò gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́, nítorí ìbéèrè tí onímọ̀ orin Akin Euba fi ìwé odidi kan yẹ̀ wò ní 1990 nípa dùndún kì í ṣe èyí tí bọ́tìnnì kan lè dáhùn.

Àwọn tó ti jìyà tó ti ní àṣà kan báyìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀dà tuntun, wọ́n á yọ ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní WAV, ìyẹn fáìlì ohùn lásán, gángan lọ́tọ̀, agogo lọ́tọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, torí WAV kò nílò plugin kankan láti dún. Èyí tó bá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ papọ̀ á di í sí zip láti inú FL Studio fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń sú ni, ó ń jẹ àyè lórí dísíìkì, kò sì sí oníbàárà tó ń sanwó rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ láyè. Nítorí náà, nínú irú yàrá tí a ń sọ yìí, láptọ́ọ̀pù méjì ló máa ń wà nísinsìnyí. Tuntun wà lórí tábìlì. Àtijọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú àpò ike, bátìrì rẹ̀ ti kú, kì í ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wáyà wà lára rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan láti Pápálántò bá dé tó ní kí wọ́n yí ẹsẹ kan padà nínú orin tó kọ ní 2017, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á nu eruku rẹ̀, wọ́n á kì í mọ́ iná, wọ́n á sì jókòó dè é títí yóò fi tàn.