Patanmọ́: Ta Là Ń Pàṣẹ Fún?

Ó ti pẹ́ tí ewé patanmọ́ ti ń wọ inú ewì wa. Bí ọmọge bá ti tijú díẹ̀ báyìí, patanmọ́ ni. Bó bá kọ̀ tí kò dá wa lóhùn, patanmọ́ náà ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ orúkọ yìí wò dáadáa, torí ó jinlẹ̀ ju bá a ṣe ń lò ó lọ.

Ewé ẹ̀bá ọ̀nà ni, tí ọmọdé Ìdèrè á fọwọ́ kàn, tí á sì pàṣẹ fún un pé kó pa itan mọ́. Mimosa pudica lorúkọ tí Carl Linnaeus, ará Sweden, fi sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1753. Ọ̀rọ̀-ẹ̀yán Látìn ni pudica, ìtumọ̀ ẹ̀ ni "onítìjú". Abo sì ni ọ̀rọ̀ náà, torí pé Mimosa jẹ́ abo nínú gírámà Látìn. Ká ní akọ ni, pudicus ni wọn ì bá pè é.

Yorùbá ò ní akọ àti abo nínú gírámà tiẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló ní itan. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ patanmọ́ tí kò ro ọmọbìnrin? Látìn ń ṣàpèjúwe, Yorùbá ń pàṣẹ. Ọ̀kan ní "ó ń tijú", èkejì ní "jókòó dáadáa!"

Àwọn kan nínú wa máa ń fi itan àti ìtàn ṣeré. Eré yẹn dùn, àmọ́ etí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Pa itan mọ́: re re re mí. Pa ìtàn mọ́: re dò dò mí. Bí ẹ ò bá fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé ò ní mọ èyí tí ẹ ń wí. Ọ̀rọ̀ ńlá sì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó pa itan mọ́, bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án láìtọ́, òun náà ni wọ́n máa ní kó pa ìtàn mọ́. Ohùn ló yàtọ̀, àṣẹ kan náà ni. Ewì tó bá gbé ìyẹn jáde ti ṣiṣẹ́. Èyí tó kàn ń fi ewé yin ìtìjú ọmọge, kò tíì wo ewé náà.

Ẹ wò ó. Bí nǹkan bá kàn án, omi á kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì oríkèé ewé, ewé á sì pàdé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún là. Ẹ̀gún sì wà lára igi ẹ̀. Lọ́dún 2014, Monica Gagliano àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ń jẹ́ kí ìkòkò tí wọ́n gbìn ín sí já bọ́ láti ibi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, léraléra. Nígbà tí kò sí ewu níbẹ̀, ewé náà ò pàdé mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ó ṣì rántí. Ṣé ìtìjú nìyẹn? Ààbò ni, ìrántí ni. Òun gan-an ló ń pa ìtàn mọ́, kò sì fi pamọ́.

Ẹ máa kọ patanmọ́ lọ o, kò burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ̀gún ẹ̀ wà níbẹ̀, kó sì tún là kí ewì tó parí.