Yuri Shevchuk: Olórin Tó Béèrè Ọ̀rọ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Vladimir Putin, tó jẹ́ olórí ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, jókòó pẹ̀lú àwọn òṣèré àti olórin nílùú St. Petersburg nítorí àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa òmìnira oníròyìn àti ìwọ́de. Putin ní kí ló ń jẹ́. Ó fèsì pé Yura ni òun, olórin ni òun.

Yuri Shevchuk ni. Wọ́n bí i ní 1957, ìlú Ufa ló dàgbà sí, ó sì ti ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọnà rí. Ní 1980 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì DDT sílẹ̀. (Orúkọ oògùn apakòkòrò ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.) Àwọn aláṣẹ fúngun mọ́ ọn títí ó fi kó lọ sí Leningrad.

Bàbá mi ní kí olórin máa kọrin, kí ó fi òṣèlú sílẹ̀ fún olóṣèlú. N kò lè gbà pẹ̀lú wọn, orin "Má Yìnbọn" ni mo sì fi bá wọn jiyàn. Ìgbà tí ogun Afghanistan ń lọ lọ́wọ́ ló kọ ọ́. Èdè Rọ́ṣíà kò yé mi, ìtumọ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n kò bú ìjọba kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń fi kànnàkànnà ta ẹyẹ. Ó dàgbà, ó di atamátàsé, ó dé ojú ogun. Ó tán. Ṣé òṣèlú ni èyí àbí orin?

Ní 1995 ó lọ sí Chechnya, ó kọrin fún àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, ó kọrin fún àwọn ará Chechnya pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń kọrin fún ìhà méjì lójú ogun, ìbọn ìhà méjèèjì ló lè bà á.

Àríwísí mi ni pé nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń mú ju orin rẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2022, lórí ìtàgé ní Ufa, ó ní ilẹ̀ baba ẹni kì í ṣe ìdí ààrẹ tí a ó máa fẹnu kò. Ìyá arúgbó tálákà tó ń ta pòtétò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni. Ìyá arúgbó yẹn ì bá ti wà nínú orin! Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 50,000 rúbù lé e.

Bàbá mi ka ibí yìí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Èló nìyẹn ní náírà?"