Ilé Gorí Ilé: Iṣẹ́ Adébísí Fábùnmi

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde wo àwòrán ìlú tí Adébísí Fábùnmi gbẹ́ sára líno tí ó sì tẹ̀ sórí ìwé, ó ní: "Ilé gorí ilé, ilà lásán! Kí ni ó jọ?" Láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́ tí Georgina Beier darí ní Òṣogbo ní ọdún 1964 ni irú iṣẹ́ yìí ti gbajúmọ̀. Ohun tí ọ̀bẹ bá gé kúrò ni í funfun. Èyí tí ó kù ni í gba tàdáwà. Àṣìgé kò ní àtúnṣe.

Ẹ̀yin ará, ta ni í bi ìtagbè àwọn Òṣùgbó wa pé kí ni ọ̀nà ara rẹ̀ jọ? Ojú tí ó mọ ọ̀nà lára aṣọ, tí kò mọ̀ ọ́n lára ìwé, kò tíì ríran tán.