Àpá kì í ṣe ọ̀ṣọ́: Lámèyítọ́ lórí iṣẹ́ àti èdè àwòṣe táńkì ogun, láti agbègbè Atakpamé

Ìsọnísókí

Àwọn tó ń to àwòṣe táńkì ogun máa ń fi ọ̀dà àti erùpẹ̀ mú kí ohun tuntun dà bí èyí tí òjò ti pa, tí oòrùn ti pa, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Gẹ̀ẹ́sì pe iṣẹ́ náà ní weathering. Faransé pè é ní vieillissement tàbí patine. Bébà yìí sọ pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bo ohun tó fa àpá kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í bò ó, àti pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń to àwòṣe àti ẹni tó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí. Àjẹkù Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

1. Iṣẹ́ náà àti orúkọ rẹ̀

Inú páálí ni àwòṣe táńkì ti máa ń wá. Ẹ̀yà ike ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tó rà á yóò gé wọn, yóò ha ojú ibi tó gé kó dán, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù fún táńkì ni ìdá kan nínú 35. Ìwọ̀n yìí kò ti inú ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀wé wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Jàpáàn ṣe àwòṣe táńkì Panther ti Jámánì, tí mọ́tò kékeré ń wà. Bátìrì tí yóò wọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi pinnu bí yóò ṣe tóbi tó. Shunsaku Tamiya, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí ọjà náà tà dáadáa ni òun wọ̀n ọ́n, tí òun sì rí i pé ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 35. Bí bátìrì ṣe di òfin fún àwọn oníṣẹ́ yìí káàkiri ayé nìyẹn.

Ìpele tó kẹ́yìn iṣẹ́ náà ni lámèyítọ́ yìí dá lé. Níbẹ̀ ni oníṣẹ́ ti ń mú ìtuntun kúrò lára táńkì, tó sì ń gbé e ka orí pèpéle kékeré tó ní ilẹ̀, koríko àti òkúta tirẹ̀. Weathering wá láti ara ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ojú ọjọ́: òjò, oòrùn, afẹ́fẹ́. Vieillissement ń tọ́ka sí ọjọ́ orí. Patine ń tọ́ka sí ìdán tí ọwọ́ ènìyàn àti ìgbà ń fi sára idẹ tàbí igi. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: èdè kọ̀ọ̀kan mú okùnfà kan ṣoṣo, ó sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo àpá. Ojú ọjọ́ kọ́ ló ń da epo sára táńkì. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń lu ihò sí i. Àwa tí a fi Faransé kàwé ní Togo ń pe ohun gbogbo yìí ní patine láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

2. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń béèrè

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́fà tí Yorùbá kankan lè sọ nípa ọkọ̀ tó ti lò:

(1) Ọ̀dà ọkọ̀ náà ṣá.
(2) Ọ̀dà ọkọ̀ náà bó.
(3) Irin ọkọ̀ náà dógùn-ún.
(4) Eruku bo ọkọ̀ náà.
(5) Ẹrẹ̀ ta sí ọkọ̀ náà lára.
(6) Ọkọ̀ náà gbó.

Ní (1) sí (3), ohun tí ìyípadà bá fúnra rẹ̀ ló wà ní ipò olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan sì mọ olùwà tó yàn. Ọ̀dà lè ṣá, ó sì lè bó. Irin kì í ṣá. Irin ló ń dógùn-ún, tàbí kó díparà gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ ọ́; ọ̀dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní (4) àti (5), ohun tó wá láti ìta ló gba ipò olùwà, ọkọ̀ sì di ibi tí ó bà lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì náà yàtọ̀: ohun tó bo nǹkan rọra wá sílẹ̀ ni, ohun tó ta sí nǹkan lára ní ipá àti ibi tó ti wá. Nítorí náà, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lè ya ẹnu, ó ti ní láti mọ ohun tó yí padà, ibi tí ohun tó yí i padà ti wá, àti bó ṣe wá.

Ẹnìkan lè ní (6) ni agboòrùn tó bo gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ń gbó, aṣọ ń gbó, a sì ń fi gbó ṣe àdúrà fún ọmọ pé kó gbó, kó tọ́. Ohun tó pa gbogbo ìlò wọ̀nyí pọ̀ ni pé ó gba ìgbà. Ohun kan kì í gbó ní ọ̀sán kan. Táńkì tí iná sun lánàá kò tíì gbó, ó jóná ni. Bí a bá wá fi gbó ṣe ìpìlẹ̀ èdè-ìperí, tí a sì pe iṣẹ́ yìí ní ìsọdogbó, a ti tún àṣìṣe Faransé ṣe ní Yorùbá. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì ya ìsọdogbó sọ́tọ̀ sí ìsọdigbó, tí í ṣe sísọ nǹkan di igbó. Ẹni tó bá ti dé Kamina mọ̀ pé nǹkan méjèèjì lè bá irin kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan.

3. Àmì tí kò nídìí

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè mọ ìpín mẹ́ta tí Peirce pín àmì sí. Àwòrán jọ ohun tó dúró fún. Ipasẹ̀ ni ohun tó fà á fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, àdéhùn láàárín àwọn ènìyàn ló gbé e dúró. Táńkì ike jẹ́ àwòrán. Àpá ara táńkì gidi jẹ́ ipasẹ̀. Àpá tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sára táńkì ike wá jẹ́ àwòrán ipasẹ̀: ó ń sọ fún ẹni tó ń wò ó pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí oníṣẹ́ kò bá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, irọ́ ni àpá rẹ̀ ń pa.

Ọgbọ́n méjì ni François Verlinden, ará Bẹ́ljíọ̀mù, sọ di gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí. Èkíní ni ọ̀dà olómi dúdú tí a ń jẹ́ kó ṣàn wọ inú kọ̀rọ̀. Èkejì ni búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tí a fi ń ra àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí etí gbogbo ohun tó yọ sókè. A gbọ́dọ̀ yin ọgbọ́n yìí ní ibi tí ìyìn tọ́ sí i. Kọ̀rọ̀ ara àwòṣe kéré débi pé òjìji rẹ̀ kò ṣókùnkùn tó fún ojú wa, ọ̀dà olómi sì ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni ọgbọ́n méjèèjì ń yà. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ dàrú: gbogbo etí funfun bákan náà, gbogbo kọ̀rọ̀ dúdú bákan náà, bíi pé ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà níbi gbogbo.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣòwò dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun àwọ̀ nínú ìgò. Mig Jiménez, ará Sípéènì, wà lára àwọn tó mú un tàn kálẹ̀. Ìyẹ̀fun náà dára, nítorí ó ń bà lé nǹkan bí eruku gidi ṣe ń bà lé e. Ohun tí mo ń bá wí ni orúkọ ara ìgò. Ìgò tí a kọ ìdógùn-ún sí lára ń kọ́ ẹni tó rà á pé àwọ̀ kan ni ìdógùn-ún, tí a lè fi síbi tó bá wù wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú T-55, táńkì tí àwọn ará Soviet ṣe, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà náà lò. Gígùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ìbọn tó mítà 9. Nínú àwòṣe, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni páìpù èéfín rẹ̀ wà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ó yẹ kí eérú èéfín dú. Ẹ̀wọ̀n irin tó fi ń rìn máa ń dán ní ojú tó ń fi ara gbo ilẹ̀, ó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ibi tí ilẹ̀ kì í kàn. Ọ̀dà máa ń bó ní etí ìdérí tí àwọn ọmọ ogun ń gbà wọlé, nítorí bàtà wọn ni. Bí ọkọ̀ náà bá jóná, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: ọ̀dà ti lọ, irin dógùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, rọ́bà ara àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jó tán, nítorí náà ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwòṣe tó pọ́n bí èyí tó jóná, tí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé, dà bí gbólóhùn tí olùwà rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ mu.

4. Pèpéle: ilẹ̀ Atakpamé, irin Kamina

Pèpéle ni ó ń sọ ibi àti ìgbà. Òun náà ni oníṣẹ́ sábà máa ń ṣe kẹ́yìn, tó sì ń fi ohun tó bá ṣẹ́ kù ṣe. Àwọn ìwé ìlànà kún fún ẹrẹ̀ dúdú àti yìnyín Yúróòpù. Ilẹ̀ wa pupa, àṣìṣe tó sì rọrùn jù ni kí ènìyàn bu erùpẹ̀ yìí lójú ọ̀nà, kó dà á sórí pèpéle, kó ní òun ti ṣe ilẹ̀ Atakpamé. Erùpẹ̀ gidi kì í kéré pẹ̀lú táńkì. Hóró iyanrìn tó jẹ́ mìlímítà 1 di òkúta sẹ̀ǹtímítà 3.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ìdá kan nínú 35. A ní láti gún un, kí a sì jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúná bí ẹ̀lùbọ́.

Eruku wa náà kì í ṣe ọ̀kan. Eruku ọyẹ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ràndánràndán, òkè ló sì ti ń bọ̀: orí ìdérí àti ibi tó tẹ́jú ló máa ń bà lé. Eruku ojú ọ̀nà pupa, ìsàlẹ̀ ló ti ń dìde. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń mú jù. Èyí tó wá láti òkè bò ó, èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ ta sí i. Àwòṣe tó ní ẹrẹ̀ tútù lẹ́sẹ̀, tí eruku ọyẹ́ sì nípọn lórí rẹ̀, ń sọ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí irin ṣe ń sọ ìgbà, kó lọ sí Kamina. Kò sí táńkì níbẹ̀. Ogun Kamina parí ní 1914, táńkì àkọ́kọ́ sì wọ ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án 1916. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àjẹkù ilé-iṣẹ́ wáyà aláìlókùn tí Telefunken kọ́ fún ìjọba Jámánì láàárín 1911 sí 1914, tó lè bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 síbí. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń sún mọ́ ọn láti gúúsù, tí ìjà sì ti wáyé létí odò Chra ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó àwọn òpó gíga náà, wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá.

Ìgbà méjì ni irin yẹn gbé lára. Èyí tó wó, tó sì jóná, iṣẹ́ òru kan ni, ọwọ́ ènìyàn ló sì ṣe é. Èyí tó dógùn-ún, tí igbó sì bò, iṣẹ́ ọdún tó lé ní 100 ni, kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní patine ti fi ìpinnu àwọn ọmọ ogun pamọ́ sábẹ́ òjò. Ibi tí mo ti rí ewu ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì ju ti àwòṣe lọ: ọ̀rọ̀ tó pa okùnfà mọ́ máa ń jẹ́ kí ogun dà bí ojú ọjọ́, bíi pé ńṣe ló kàn ṣẹlẹ̀, tí kò sí ẹni tó ṣe é.

5. Àbá

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń dúró de irú akitiyan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń to ìwé atúmọ̀ lè ní òun nílò ọ̀rọ̀ kan tí òun yóò fi sí iwájú weathering, òótọ́ sì ni. Àbá mi ni àpá. Àpá kì í dá dúró. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé, àpá kí ni? Kí a wá pín in sí mẹ́ta: àpá ojú ọjọ́, fún ohun tó ṣá, tó dógùn-ún, tí eruku ọyẹ́ bò; àpá ìlò, fún ohun tí bàtà họ, tí epo ta sí, tí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà yí; àpá ogun, fún ohun tó lu, tó wó, tó jóná. Gbó yóò wà fún ohun tí ó gba ìgbà nìkan. Kí a sì gbé ìpín mẹ́ta yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Ifɛ̀ ní Atakpamé kí ó tó wọ ìwé, nítorí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ bá yan olùwà lọ́nà mìíràn, ìpín náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi èyí ṣiṣẹ́ kíláàsì, ohun tí mo dámọ̀ràn kò wọ́n. Kó mú fọ́tò àwòṣe kan tí wọ́n ti parí, kó kọ gbólóhùn Yorùbá kan fún àpá kọ̀ọ̀kan tó bá rí lára rẹ̀, kó má sì lo gbó. Àpá tí kò bá rí olùwà fún, kó fi àmì ìbéèrè sí i.