Poro Tó Mọ Ọ̀nà Omi

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Gyel, lágbègbè Bukuru ní Jos South, Ìpínlẹ̀ Plateau, kòtò tí àwọn awakùsà tánganran gbẹ́ sílẹ̀ láyé òyìnbó ló ń bọ́ oko. Omi ti kún inú wọn, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi pọ́ńpù fà á sídìí ẹ̀fọ́ àti pòtétò. Iṣẹ́ tó wù mí jù níbẹ̀ ni ti ẹni tó ń kọ ebè.

Èèkàn méjì ló máa kàn mọ́lẹ̀, yóò ta okùn sáàárín wọn, yóò sì fi ọkọ́ tọ okùn náà lọ. Bí ebè àkọ́kọ́ bá ti jókòó, ó di kó ká okùn. Èyí tó kọ tán ni yóò máa fi wọn èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n títọ́ nìkan kọ́. Bí poro bá dà gẹ̀rẹ́ jù, omi á sáré, á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Bó bá tẹ́jú jù, orí poro á mu àmuyó, ìdí rẹ̀ á gbẹ. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rọra yí, òun náà á rọra yí poro, díẹ̀ báyìí tí àlejò ò ní fura. Nígbà tí omi bá dé, á fi ọkọ́ ṣí ẹnu poro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í dúró kí omi kan ìparí kó tó fi ògúlùtu dí i, kó sì ṣí èkejì, torí èyí tó wà lọ́nà ṣì máa débẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní 2023, omi tí pọ́ńpù bá fà ṣòfò, owó gidi ni.

Lóko ńláńlá Amẹ́ríkà, sátẹ́láìtì ló ń ṣe iṣẹ́ okùn yẹn, òun ló ń tọ́ katakata. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba wọn ṣíwọ́ dída àmì GPS rú mọ́ aráàlú lọ́wọ́. Lónìí, ẹ̀rọ atọ́nà tó péye jù kì í fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ṣìnà. Awakọ̀ á sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á mú ìlà yòókù bá a dọ́gba.

Bí irinṣẹ́ ẹ̀yìn katakata bá fẹ̀ ní mítà 6, tí awakọ̀ sì ń tún sẹ̀ǹtímítà 30 tẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdá 5 nínú 100 ló ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lórí hẹ́kítà 1,000, ìyẹn tó hẹ́kítà 50, irúgbìn, ajílẹ̀ àti epo ló bá a lọ. Ẹ̀rọ á tètè pa owó ara rẹ̀. Lórí ìdajì hẹ́kítà, ilẹ̀ mítà 25 nígùn, mítà 10 níbùú péré ni. Owó ẹ̀rọ ò lè jáde níbẹ̀.

Lójú tèmi, àgbẹ̀ kékeré tó bá rówó ní Gyel, irúgbìn pòtétò tí kò lárùn ni kó kọ́kọ́ rà. Àrùn tó ba pòtétò Plateau jẹ́ ní 2014 ò ṣeé gbàgbé. Ẹni tó ń fi katakata háyà kiri oko ni ẹ̀rọ atọ́nà lè pé, torí owó rẹ̀ á pín sórí oko gbogbo. Kó kàn pe akọbè wá kó tó sàmì ìlà àkọ́kọ́: ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú mọ ibi tí katakata wà, kò mọ ibi tí omi máa gbà. Kó sì san owó iṣẹ́ akọbè náà fún un.